Ta Ló Ń Gbé Inú Wàrà Ṣàngó?

Wàrà tí a ń rà lẹ́bàá títì ní Ṣàngó, n'Ìbàdàn, ti hó lórí iná rí kó tó tutù. Ní gáà, àwọn obìnrin Fúlàní á gbé mílíìkì màlúù kaná, wọ́n á fún omi ewé bòmubòmu sí i, wọ́n á máa ko iná mọ́ ọn títí yóò fi dì. Iná yẹn ti pa èyí tó pọ̀ jù nínú bakitéríà tó bá mílíìkì wá. Nítorí náà, èyí tí a bá bá nínú wàrà nírọ̀lẹ́, ojú ọ̀nà ni púpọ̀ nínú wọn ti wọlé: láti ara igbá, láti inú omi tí wọ́n fi ṣan igbá, láti ọwọ́ ẹni tó ń tà àti ọwọ́ àwa tí à ń tẹ̀ ẹ́ wò ká tó rà á.

Ibí yìí ni tiwa ti yàtọ̀ sí ti Roquefort, wàrà tí àwọn Faransé ń fi mílíìkì àgùntàn tútù ṣe. Àwọn bakitéríà tó bá mílíìkì tiwọn wá láti agbo ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sì ní ọwọ́ nínú adùn rẹ̀. Àwa ní láti wádìí ọ̀nà tí tiwa gbà dé.

Maikirosíkóòpù nìkan kò lè ṣe ìwádìí yìí. Bakitéríà E. coli tó ń gbé inú ìfun wa wọ́ọ́rọ́wọ́, àti ẹ̀yà rẹ̀ kan, O157, tó lè ba kíndìnrín ọmọdé jẹ́, ọ̀pá kúkúrú ni àwọn méjèèjì lójú ẹni tó ń wò wọ́n. DNA ló ń ya wọ́n. Ní 1984, ní Leicester, Alec Jeffreys rí i pé a lè fi DNA dá ènìyàn mọ̀ bí ẹni fi ìtẹ̀ka dá a mọ̀. Nígbà tó yá, irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kan bakitéríà náà. Àwọn onímọ̀ á yọ DNA rẹ̀, ẹ̀rọ á máa mú un gbóná, á máa mú un tutù, títí apá tí wọ́n ń wá yóò fi di ọ̀kẹ́ àìmọye. Wọ́n á wá fi iná mànàmáná lé àwọn ègé náà gba inú jẹ́lì. Ègé kékeré á sáré lọ iwájú, ńlá á falẹ̀ sẹ́yìn, ìlà á sì hàn. Bí àgbà ṣe ń wo àbàjà lójú ẹni kó tó mọ ilé tó ti wá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ka ìlà wọ̀nyí.

Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí Ṣàngó. Ní àwọn ọdún 1980, onímọ̀ kan, S. A. Ọdúnfá, ṣèwádìí bakitéríà inú irú níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn onímọ̀ ibẹ̀ bá wa ṣe ni kí wọ́n tẹ̀ lé igbá wàrà kan láti gáà dé títì, kí wọ́n máa mú díẹ̀ wò níbi gbogbo tó bá ti dúró. Bí ìlà bakitéríà inú wàrà bá bá ti omi ìṣangbá mu, omi ni kí ìjọba tún ṣe. Kí wọ́n má lé ìyá oníwàrà. Bí àwọn onímọ̀ náà bá sì rí Lactiplantibacillus plantarum (tí wọ́n ń pè ní Lactobacillus plantarum tẹ́lẹ̀) nínú omi wàrà, irú èyí tó ń mú un kan tí kì í jẹ́ kí àwọn oníbàjẹ́ ráyè, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀yà náà pamọ́, kí wọ́n sì kọ orúkọ gáà tó ti wá sára ìgò rẹ̀.