Ojú Àánú Nìkan Kò Tó



Bí ọmọ wa bá gba ìwé-ẹ̀rí BAC, tí ó ní dókítà ni òun fẹ́ dà, inú ilé a dùn. Bí ó bá ní agbẹjọ́rò ni, a ó pe ẹbí jọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní iṣẹ́ assistant social ni òun fẹ́ kọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ni í bi í pé: «Títọ́jú aláìní náà tún ní ilé ẹ̀kọ́ bí? Ṣebí ojú àánú ni?» Ìbéèrè yìí ni àwa fẹ́ dáhùn lónìí.

Ẹ wo àwọn ọmọbìnrin kékeré tí ń ru igbá kiri ní Jonquet wa yìí, nígbà tí ẹgbẹ́ wọn wà ní kíláàsì. Vidomègon ni púpọ̀ nínú wọn. Aláàánú a ra búrẹ́dì fún ọmọ náà. Ẹlòmíràn a fẹ́ mú un lọ sílé. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni ó mú un wá sí Kútọnu? Bí a bá dá a padà, ṣé ẹni tí ó fi í sílẹ̀ kò ní tún fi í sílẹ̀? Bí a bá sì mú un sílé láìjẹ́ kí aláṣẹ kankan mọ̀, ṣé àwa náà kò ti gba ọmọ ọlọ́mọ?

Ní ọdún 1617, ní Châtillon ní ilẹ̀ Faransé, Ẹni Mímọ́ Vincent de Paul sọ fún ìjọ rẹ̀ pé àìsàn ti dá ìdílé kan mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà ni èrò rọ́ lọ bá wọn pẹ̀lú oúnjẹ. Vincent rí i pé wọn yóò yó lónìí, ebi yóò sì pa wọ́n lọ́la. Ó kó àwọn obìnrin jọ, ó sì ṣètò ẹni tí yóò lọ lónìí àti ẹni tí yóò lọ lọ́la. Ní 1633, òun àti Louise de Marillac dá ẹgbẹ́ Àwọn Ọmọbìnrin Ìfẹ́ sílẹ̀. Louise ni ó ń kọ́ wọn níṣẹ́. Ní 1960, ọdún tí ilẹ̀ wa gba òmìnira, Póòpù Johanu Kẹtàlélógún fi í ṣe alágbàwí àwọn òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ aráàlú.

A kò gbàgbé ọkọ̀ ojú omi Etireno, tí ó padà dé èbúté Kútọnu ní oṣù April 2001 pẹ̀lú àwọn ọmọdé nínú rẹ̀, lẹ́yìn tí Gabon àti Cameroon kọ̀ ọ́. Gbogbo ayé kígbe. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn igbe, ẹnìkan ní láti jókòó ti ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ó fi sùúrù bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀ àti abúlé rẹ̀, kí ó sì mọ èyí tí ẹ̀rù ń bà láti sọ òtítọ́.

Iṣẹ́ yẹn ni a ń kọ́. Ní Yunifásítì Abomey-Calavi, àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ bí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láì dá ẹnu sí i, bí a ti ń pa àṣírí mọ́, bí a ti ń kọ ìwé ẹjọ́ ọmọ tí adájọ́ yóò gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n ń kọ́ òfin 2006 lórí kíkó ọmọdé kiri, àti ìwé òfin ọmọdé ti 2015. Wọ́n sì ń ṣe stage lọ́dọ̀ àwọn àgbà iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, a máa ń rí wọn ní Guichet Unique de Protection Sociale, tí a ń pè ní Centre de Promotion Sociale tẹ́lẹ̀, ní ilé ìwòsàn, àti ní àwọn ilé ààbò bíi Foyer Laura Vicuña ti àwọn Sister Salésienne.

Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ yìí kì í tètè sọni di olówó, àwa kò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá ń fẹ́ ẹ, ẹ má ṣe fi ẹ̀rín pa iná tí Ọlọ́run dá sí i lọ́kàn. Ẹ bá a wá owó ìwé. Aláàánú pọ̀ ní Jonquet. Ẹni tí ó mọ ohun tí a ń ṣe lẹ́yìn búrẹ́dì ni kò tó.