Owó Pẹlẹbẹ Irin Méjì

Ọkọ̀ ojú omi ni bàbá mi fi ń tọ́ wa. Láti Báyékù, lápá Ìkòròdú, ló ti ń gbé èrò kọjá ọ̀sà lọ sí Láńgbásà, nítòsí Ajah. Ẹni tó bá fẹ́ gba orí ilẹ̀ ní láti yí po gba Kétu àti Third Mainland Bridge kó tó dé ibẹ̀, nítorí náà èrò kò wọ́n wa. Epo ló wọ́n. Ọkọ̀ wa kò tóbi. Fàíbà ni, gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 18, ẹ́ńjìnnì Yamaha kan ṣoṣo tó ní agbára ẹṣin 40 ló wà ní ìdí rẹ̀, okùn la sì ń fà kó tó dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ okùn yìí sọ́kàn.

Ìṣòro ọkọ̀ náà ni pé ìdí rẹ̀ wúwo. Ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀, bàbá mi jókòó síbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì epo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ẹ̀yìn náà sì ni gbogbo èrò ń fẹ́. Wọn kò jẹ̀bi. Ẹni tó bá jókòó síwájú ni ìgbì ń gbé sókè tó sì ń là mọ́lẹ̀, omi a tún ta sí i láṣọ. Bí eré bá bẹ̀rẹ̀, iwájú ọkọ̀ a gbé sókè bí ẹni tó ń wá nǹkan lójú ọ̀run. Ọkọ̀ tó bá gbé orí sókè báyìí kì í sáré lórí omi, ṣe ló ń ti omi, epo a sì máa lọ. Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni pé bàbá mi kì í rí iwájú dáadáa nígbà náà, bẹ́ẹ̀ igi tó ń léfòó wà lójú ọ̀sà wa, koríko orí omi wà, àwọ̀n apẹja náà wà.

Ohun tí àwọn ọlọ́kọ̀ fi ń wo àrùn yìí ni wọ́n ń pè ní trim tab. Pẹlẹbẹ irin méjì ni, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọ́n ń kàn mọ́ ìsàlẹ̀ ìdí ọkọ̀. Bí a bá tẹ̀ wọ́n sísàlẹ̀ díẹ̀, omi tó ń sáré kọjá á kọlù wọ́n, á gbé ìdí ọkọ̀ sókè, iwájú á sì wálẹ̀. A lè tẹ ọ̀kan láìtẹ èkejì. Bí èrò tó wúwo bá pọ̀ lọ́tùn-ún, tí ọkọ̀ sì fì síbẹ̀, a ó tẹ ti ọ̀tún nìkan, ọkọ̀ á tún dúró déédé.

Oníṣòwò kan ní Èkó sọ fún bàbá mi pé 600 dọ́là ni irú èyí tó ń lo iná. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báǹkì, owó náà kì bá má pé ₦300,000. Oṣù kẹwàá ọdún 2024 la béèrè, dọ́là ti lé ní ₦1,600. Ìyẹn ₦960,000. Irin nìkan nìyẹn o! Irin tó ń lo iná ń fẹ́ bátìrì, ẹ́ńjìnnì tí a ń fi okùn fà kò sì ní bátìrì. A ó ra bátìrì, a ó ra wáyà, a ó ra ṣíṣì, a ó tún wá iná tí a ó máa fi gba agbára fún un, àwa tí a mọ bí iná ṣe ń rí ládùúgbò wa. A ó lu ihò sí ìdí ọkọ̀ níbi tí omi ń dé, a ó fi gọ́ọ̀mù tí omi kò lè wọ̀ dí i. Ọkọ̀ á wà lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, láìgbé ẹnikẹ́ni.

Àjọ màmá mi kù díẹ̀ kó kàn wọ́n, ₦400,000. Inú rẹ̀ ni owó WAEC mi wà, àti owó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò mi. Nígbà tí bàbá mi mẹ́nu bà á, màmá mi kò bínú. Wọ́n ní, “Olówó orí mi, lítà mélòó ni irin yẹn máa bá wa dín kù lóòjọ́?” Kò sí ẹni tó mọ̀. Wọ́n wá kọjú sí mi pé, “Ìwọ tí o ń ṣe ìṣirò ńkọ́?”

Bí ìwọ̀n epo ṣe di iṣẹ́ mi nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a kò yí nǹkan kan padà. Ìrìn mẹ́jọ lóòjọ́, àlọ àti àbọ̀, lítà 48. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a gbé kẹ́ẹ̀gì tí a kò tíì lò lọ síwájú. Bàbá mi yọ irin kékeré tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe máa dagun, wọ́n sún un sí ihò tó tẹ̀ lé e, kí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì lè túbọ̀ sún mọ́ ọkọ̀. Wọ́n sì dín ₦100 kù fún èrò mẹ́ta tó bá gbà láti jókòó síwájú. Ẹ wo ìjà tí wọ́n ń jà sí iwájú tí wọ́n ti ń sá fún tẹ́lẹ̀! Epo di lítà 42.

Epo ti dé ₦1,000 lítà kan, nítorí náà ₦6,000 la rí dá dúró lóòjọ́. Ẹ̀dínwó èrò gba ₦2,400 nínú rẹ̀, ó ku ₦3,600. Fún ọjọ́ 24 tí a ń ṣiṣẹ́ lóṣù, ó di ₦86,400, a kò sì ra nǹkan kan. Màmá mi ní kí n kọ ọ́ sára ògiri.

Síbẹ̀ bàbá mi kò gbàgbé irin wọn, mo sì rí òótọ́ níbẹ̀. Sísún ẹ́ńjìnnì kò lè ran ọkọ̀ tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́wọ́. Bí àwọn ìyá ẹlẹ́ja bá wọlé pẹ̀lú agbọ̀n wọn, ẹnu ló kù tí a fi ń pín èrò, èrò kì í sì í fẹ́ gbọ́ pé òun wúwo. Irú kan wà tí kò lo iná rárá, gáàsì inú rẹ̀ ló ń tì í sísàlẹ̀, omi a sì tì í padà bí eré bá pọ̀. Kò gba àṣẹ awakọ̀ bíi ti oníná, ṣùgbọ́n 200 dọ́là ni wọ́n pè é, ₦320,000. Tèmi ni pé òun ló bá ọkọ̀ wa mu. Àjọ màmá mi kò ní bá a lọ, inú kóló ni owó rẹ̀ á ti wá.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ₦172,800 wà nínú kóló. Bàbá mi pe káfíńtà tó ń tún ọkọ̀ ṣe kó wá wo ibi tí ihò máa wà. Ó fi èèkù òòlù kan ìdí ọkọ̀ láti òsì lọ sí ọ̀tún, ó ń tẹ́tí. Ó ń dún ko, ko, ko, títí tó fi dé abẹ́ bóòtù ẹ́ńjìnnì. Níbẹ̀, ohùn náà kú. Ó lu ihò tín-ín-rín kan, pákó tó jáde tutù, ó sì dúdú bí ẹ̀lùbọ́ tó bàjẹ́. Ó ní omi ti ń gba ihò bóòtù wọlé tipẹ́, pákó inú fàíbà ti ń jẹrà, òun kò sì lè kan irin kankan mọ́ ọn. A ní láti gé ibẹ̀, kí a fi pákó tuntun sí i. ₦150,000 ló pè é, bàbá mi sì ní kí n lọ gbé kóló wá.