Lẹ́ǹsì ọdún FESTAC lórí kámẹ́rà ìgbàlódé: Bí ọkàn Bàbá Ìbejì onífọ́tò ṣe pín sí méjì n'Itamaga

Ẹni tó bá mọ Bàbá Ìbejì, onífọ́tò tó ń gbé l'Itamaga, n'Ìkòròdú, á ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó ń ná ìnákúnàá. Bó bá ya fọ́tò tán lóde ìnáwó, bó ṣe ń gbowó ló ń kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan tó wà nínú báàgì kámẹ́rà ẹ̀. Ọdún kan gbáko ló fi tu ₦150,000 jọ. Lẹ́ǹsì tuntun kan ló ń tù ú jọ fún, Canon 50mm, èyí tó máa ń fúnra ẹ̀ wá fókọ́ọ̀sì kéèyàn tó ṣẹ́jú pẹ́. Owó náà ò sì tíì pé. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti ní kí ọjà máa fúnra ẹ̀ sọ iye tí wọ́n á máa ṣẹ́ náírà sí dọ́là, lẹ́ǹsì yẹn ò dúró sójú kan mọ́. Bí Bàbá Ìbejì bá rò pé ó ku díẹ̀ kóun bá a, yóò tún sún síwájú.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn tí ìyàwó ọ̀gá ẹ̀ fi pè é lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè kan.

"Bàbá Ìbejì, ṣé àlàáfíà lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Yà lọ́dọ̀ mi lọ́la. Mo fẹ́ ṣí àpótí ọ̀gá ẹ."

Ọ̀gá tí màmá ń sọ yìí ti di olóògbé láti bí ọdún méjì. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni Bàbá Ìbejì ti kọ́ṣẹ́ láyé fíìmù, lásìkò tí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò kì í ṣaláìní kọ́tìnnì aláwọ̀ mèremère lára ògiri àti àga onígi kan táwọn oníbàárà máa ń jókòó lé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá náà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àpótí yẹn. Ṣùgbọ́n owó ilé ti wọlé dé, lánlọ́ọ̀dù ò sì gba àròyé. Ọmọ màmá tó wà n'Íbàdàn tún ti sọ fún wọn pé àwọn òyìnbó ń wá lẹ́ǹsì àtijọ́ kiri bí ẹni ń wá góòlù. Oníṣòwò kan láti Ìkẹjà náà ti ní òun ń bọ̀ wáá kó gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Màmá ló ní kóun kọ́kọ́ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí, òórùn káfúrà àti ti òjò àná ló kọ́kọ́ jáde. Kámẹ́rà Zenit-E kan wà níbẹ̀ tí awọ ara àpò ẹ̀ ti ń ṣí, agolo fíìmù wà níbẹ̀, àti lẹ́ǹsì kan tí wọ́n fi aṣọ ìnujú wé. Kí màmá tó tú aṣọ yẹn ni Bàbá Ìbejì ti mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ìgbátí kan ṣoṣo tí ọ̀gá ẹ̀ gbá a ní gbogbo ọdún tó fi kọ́ṣẹ́, torí pé ó fọwọ́ kan gíláàsì lẹ́ǹsì yẹn ni.

Helios 44-2 lorúkọ ẹ̀, 58mm ni. Irin àti gíláàsì ni gbogbo ẹ̀, kò sí wáyà, kò sí bátìrì, ó sì wúwo lọ́wọ́ bí òkúta odò. Àwọn Jámánì ilé iṣẹ́ Zeiss ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀ kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀, Biotar ni wọ́n ń pè é. Nígbà tógun parí, àwọn ará Soviet Union gba ìmọ̀ yẹn lọ sílé, wọ́n sì ń ṣe é ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù. Nọ́ńbà tó wà lẹ́nu èyí fi 77 bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà mọ̀ pé ọdún 1977 ni wọ́n ṣe é nìyẹn, ọdún táwọn aláwọ̀ dúdú gbogbo ayé péjọ s'Ékòó fún FESTAC. Ẹ̀gbọ́n ọ̀gá ló gbé e bọ̀ láti Mọ́sko, níbi tó ti kàwé ní Yunifásítì Patrice Lumumba. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ìyá Bàbá Ìbejì ti rẹ́rìn-ín kó tó di pé ó kú, lẹ́ǹsì yìí ni wọ́n fi yà á.

"Bàbá Ìbejì, èló ni ká pè é?" Màmá ló bi í bẹ́ẹ̀. "Iye tó o bá ti ní kó jẹ́, òun náà ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ló wáá di egungun ẹja sí i lọ́fun. Ẹni tó fẹ́ rajà ni wọ́n tún ní kó dáyé lé e! Ó ní kí màmá jẹ́ kóun lọ ronú sí i, kóun sì wá òrùka tí wọ́n máa fi so ó mọ́ kámẹ́rà òun.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé òrùka yìí díẹ̀, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń kó sí gbèsè. Lẹ́ǹsì àtijọ́ yìí, bí ìdérí ìgò ni wọ́n ṣe ń yí i sẹ́nu kámẹ́rà, M42 ni wọ́n ń pe irú ẹnu yẹn. Kí fọ́tò tó lè mọ́, ẹnu kámẹ́rà gbọ́dọ̀ jìnnà sí ojú ibi tí àwòrán ń bọ́ sí ní mílímítà 45.46. Ti Canon tí Bàbá Ìbejì ń lò, 700D tókúńbọ̀ kan, jẹ́ 44. Ààyè tó ṣẹ́kù láàárín méjèèjì ni òrùka pẹlẹbẹ yẹn máa ń dí. Ṣùgbọ́n Nikon tó ní dígí nínú ti jẹ́ 46.5 fúnra ẹ̀, kó tó di pé wọ́n fi òrùka kankan sí i. Ẹni tó bá so ó mọ́ ìyẹn, ohun tó bá wà nítòsí nìkan ló máa rí, ọ̀ọ́kán á ṣú mọ́ ọn lójú, àfi bí òrùka ẹ̀ bá ní gíláàsì nínú. Àwọn kámẹ́rà tuntun tí ò ní dígí ló rọrùn jù, torí ẹnu tiwọn ò jìn rárá. Sony ò ju mílímítà 18 lọ.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tó ní irú Sony bẹ́ẹ̀ ní Sábó ló yá a lórùka Canon tí òun ò lò mọ́. Ṣùgbọ́n kò ṣàìsọ tẹnu ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fowó ra wàhálà o. Ṣé ọwọ́ lẹ máa fi máa yí fókọ́ọ̀sì nígbà tí ìyàwó bá ń jó wọlé, tí wọ́n ń náwó fún un? Kẹ́ ẹ tó yí i tán, ó ti dórí àga!"

Irọ́ kọ́. Lẹ́ǹsì yìí ò mọ nǹkan kan tó ń jẹ́ fókọ́ọ̀sì àdáṣe, kámẹ́rà ò tiẹ̀ mọ̀ pé lẹ́ǹsì wà lẹ́nu òun. Ọwọ́ lèèyàn á fi yan ìmọ́lẹ̀, ọwọ́ náà lèèyàn á fi yí i. Èyí táwọn ọmọ ìsinsìnyí tún ń tìtorí ẹ̀ wá a kiri, ìyẹn bí ewé ẹ̀yìn èèyàn ṣe máa ń yí po bí omi àmù tí wọ́n fi igbá rò, kò ní í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára 700D. Ojú kámẹ́rà yẹn kéré, àárín nìkan ló ń mú, etí ibi tí yíyípo yẹn wà á ti gé dànù. 58mm á wáá dà bíi 93.

Ìyá Ìbejì ò tiẹ̀ bá ti mílímítà lọ. "Ẹ ti gba iṣẹ́ ìgbéyàwó sílẹ̀ l'Ódogunyan lóṣù tó ń bọ̀," ló wí, "owó tá a tù jọ lẹ fẹ́ fi ra nǹkan tí ò lè ya ìgbéyàwó? Ṣé ẹ rántí pé sáà ilé ìwé ti kù sí dẹ̀dẹ̀?" Bàbá Ìbejì ò fèsì. Èsì wo ló fẹ́ fọ̀?

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ó gbé kámẹ́rà lọ sílé màmá. Ó kọ́kọ́ tan iná fóònù gba inú lẹ́ǹsì kọjá, bó ṣe yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra irú ẹ̀ ṣe kó tó yọ owó. Ohun tó ń bẹ̀rù ló rí: èbu. Ó ti ta gbòǹgbò tín-ínrín tín-ínrín bí òwú aláǹtakùn sétí gíláàsì ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ò jìnnà sí Ìkòròdú, ohun tí wọ́n bá sì tì mọ́nú àpótí láìrí ìmọ́lẹ̀ fọ́dún méjì, èbu ló máa jẹ ẹ́. Bó bá pẹ́, ó máa ń jẹ ara gíláàsì tí wọn ò ní í rí i nù kúrò mọ́. Òróró inú ẹ̀ náà ti gan, yíyí ẹ̀ ti le.

Ó ní kí màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó gbé kámẹ́rà lórí àga, ó mú kí àwòrán ojú ẹ̀yìn kámẹ́rà tóbi nílọ̀ọ́po mẹ́wàá, ó rọra ń yí i títí irun ìpéǹpéjú màmá fi hàn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó yà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé dà bí ẹni pé wọ́n fi mílíìkì là á, ìyẹn ò sì ṣàjèjì fún lẹ́ǹsì ayé ọjọ́un, oòrùn máa ń tètè fọ́ ọ lójú. Ṣùgbọ́n ojú màmá! Gbogbo ìlà ibẹ̀ wà níbẹ̀, kò sí èyí tó parẹ́, síbẹ̀ kò sí èyí tó le.

Ibẹ̀ ló ti rántí J. D. 'Okhai Ojeikere, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Kétu nísàlẹ̀ Mile 12 láti ọdún 1975, tó sì di olóògbé lọ́dún 2014. Láti ọdún 1968 ni bàbá yẹn ti ń ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà, ẹ̀yìn ọrùn ló máa ń kọjú sí, kì í kánjú, ibi tí irun yẹn sì gbé e dé ni àwọn mùsíọ̀mù ńlá ńlá lókè òkun. Ọ̀gá Bàbá Ìbejì máa ń sọ ọ́ pé béèyàn bá fẹ́ ya fọ́tò tó máa pẹ́, kó wá ẹni tó lè jókòó.

"Màmá," ló wáá sọ, "ẹ má bínú sí mi. Kì í ṣe góòlù. Mílíọ̀nù mílíọ̀nù ni wọ́n ṣe é, èbu sì ti wọ inú ẹ̀. Oníṣòwò yẹn ò ní í fún yín ju ₦20,000 lọ. Màá fún yín ní ₦40,000, kámẹ́rà tọ́mọ yín ni, ẹ gbé e pamọ́ fún un."

Màmá dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Ṣé ohun tí ò lówó lórí ni ọ̀gá ẹ wáá ń fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣọ́?"

Bàbá Ìbejì ò mọ èsì. Ó kàn na kámẹ́rà sí wọn kí wọ́n wo fọ́tò. Màmá wá awò ojú wọn, wọ́n wò ó títí.

"Èyí dáa," ni wọ́n wí. "Má pa á rẹ́. Òun ni kẹ́ ẹ lò níwájú ìwé ìsìnkú mi, ẹ má lo ti fóònù o."

₦40,000 ò sanwó ilé tán, owó àjọ ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ni màmá fi dí i. Ọjọ́ méjì gbáko ni Ìyá Ìbejì fi ń dáhùn ọkọ ẹ̀ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àtúnṣe ni kan ní Ìkẹjà ti tú lẹ́ǹsì náà, ó nù ún, ó fi òróró tuntun sí i, ṣùgbọ́n ojú èbu díẹ̀ ṣì kù níbẹ̀. Inú ike tí wọ́n dé pa ni Bàbá Ìbejì ń tọ́jú ẹ̀ sí, òun pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tó ń fa omi, èyí tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà, kò sì jẹ́ kó sún mọ́ lẹ́ǹsì tó kù. Lẹ́ǹsì tó bá kámẹ́rà ẹ̀ wá ló gbé lọ ṣe ìgbéyàwó Odogunyan. Canon 50mm ti di ọ̀rọ̀ ọdún tó ń bọ̀. Àgbàlagbà mẹ́ta ló ti wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ báyìí, ọ̀kan nínú wọn ń múra ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè tó kọjá, màmá rán ọmọ-ọmọ wọn wá: ẹ̀dà méjì ni wọ́n fẹ́, kí Bàbá Ìbejì sọ iye tó máa jẹ́, wọn ò fẹ́ ọ̀fẹ́.