Àlejò ní Ìlú Onígbèsè

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Ọ̀dọ́kùnrin ọmọ Yorùbá kan lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣèlú ní Áténì, olú ìlú Gíríìsì. Ó ti gun òkè Pnyx, níbi tí àwọn ará ìlú ayé àtijọ́ ti ń pé jọ dìbò. Ohun tí kò tíì rí ni bí ìjọba tiwa-n-tiwa ṣe ń rí nígbà tí gbèsè bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Òkúdu, ọdún 2015, ìjọba ti àwọn báńkì pa. Yúrò 60 péré ni ọmọ onílẹ̀ lè gbà lójúmọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń pọ owó. Òfin náà kò de káàdì ilẹ̀ òkèèrè, nítorí náà àjèjì lè gbà ju onílé lọ. Ojú a máa ti akẹ́kọ̀ọ́ yìí lórí ìlà.

Ìyá àgbà tó gbà á sílé kò ní káàdì rárá. Lẹ́yìn tí wọ́n ti tò títí, Yúrò 120 ni wọ́n rí gbà nínú owó ìfẹ̀yìntì wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ náà fẹ́ san owó ilé oṣù mẹ́ta ṣíwájú. Wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n ní ti oṣù kan ló jẹ àwọn. Wọ́n bu èso tí a fi ṣúgà sè sínú àwo kékeré, wọ́n gbé e fún un pẹ̀lú ife omi. Ní èdè Gíríìkì, xenos ni àjèjì, xenos náà ni àlejò.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Agẹmọ, ará ìlú dìbò lórí ohun tí àwọn ayánilówó ń béèrè: àfikún owó orí àti àtúntò owó ìfẹ̀yìntì. Ó lé ní ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún tó dáhùn pé bẹ́ẹ̀kọ́. Ìyá àgbà wà lára wọn. Ijó àti ayọ̀ gba Gbàgede Syntagma, níwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Nígbà tó di ọjọ́ 13, Alexis Tsipras, olórí ìjọba tó ti rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ̀, gba àdéhùn tó le koko.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà béèrè pé, “Ìyá, kí wá ni ìbò yín ṣe?”

Wọn kò gbójú kúrò lára kọfí tí wọ́n ń sè. “Wọ́n bi mí, mo dáhùn. Àwọn tó gbọ́ ni kí o lọ bi.”

Ìwé ti kọ́ ọ pé ìbò ni òpin ọ̀rọ̀. Áténì kọ́ ọ pé bí ìlú onígbèsè bá ń dìbò, ayánilówó náà wà nídìí àpótí. Kí ẹni tó bá ń yan olórí níbikíbi máa kọ́kọ́ bi í léèrè iye tó fẹ́ yá, àti ẹni tí yóò san án.