Òǹkà Tó Ń Ṣọ́ Àwọn Yòókù

Ẹni tó bá dúró díẹ̀ nídìí àwọn tó ń ṣe POS ní Ìyànà-Ìbá á mọ ohun tí ariwo ń fojú wọn rí. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pe Òkòkòmáíkò, oníbàárà ń pe nọ́ńbà àkáǹtì, fáìfù á dún bíi náìnì létí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ á kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, owó ò sì ní kúrò níbi tó wà. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n tó wà nídìí kíkọ̀ yẹn gan-an.

Nọ́ńbà àkáǹtì àti ti káàdì ló ní ọgbọ́n yìí, àmọ́ ti káàdì ló yá láti ṣàlàyé. Òǹkà iwájú ló ń sọ ilé tó ti wá: 4 ni Visa, 5061 jẹ́ ti Verve tí Interswitch gbé jáde ní 2009. Òǹkà ìkẹyìn ni aṣọ́bodè. Hans Peter Luhn, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM ní Amẹ́ríkà, ló gbé ìṣirò rẹ̀ kalẹ̀ ní 1954. Ẹ jẹ́ ká fi 50612 wò ó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún: 2 lọ́nà méjì jẹ́ 4, ẹ fi 1 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, 6 lọ́nà méjì jẹ́ 12, ẹ ro 1 àti 2 pọ̀, ó di 3, ẹ fi 0 sílẹ̀, 5 lọ́nà méjì jẹ́ 10, ìyẹn 1. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 9. Ó ku 1 kó pé 10, òun la ó fi kádìí rẹ̀: 506121. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣi ẹyọ kan ṣoṣo tẹ̀, ìṣirò á tú u fó. Bó bá gbé méjì tó fara kanra sípò ara wọn, ó máa hàn, àfi tó bá jẹ́ 0 àti 9.

Ó dùn mí pé àwọn ọ̀dọ́ kan rò pé nọ́ńbà tó bá yege ìṣirò yìí ti di káàdì gidi. Rárá o. Ọmọ iléèwé lè fi bírò kọ ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, kó má sí kọ́bọ̀ lẹ́yìn ìkankan. Àṣìtẹ̀ ni Luhn ń lé, kì í ṣe olè. Ìdí nìyẹn tí oníṣòwò Àlàbá ní Ọ̀jọ́ fi ń dúró kí owó hàn nínú àkáǹtì tirẹ̀ kó tó gbé tẹlifíṣọ̀n fún oníbàárà.

Ní ti àkáǹtì, àlàfo tí àṣìtẹ̀ lè gbà kọjá tún fẹ̀ ju ti 0 àti 9 yẹn lọ. Nínú NUBAN, ìlànà olóǹkà mẹ́wàá tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé jáde ní 2010, 3 tàbí 7 ni wọ́n fi ń sọ òǹkà kọ̀ọ̀kan di púpọ̀. 3 ni ti ìkẹta, 3 náà ni ti ìkẹrin. Ẹni tó bá gbé àwọn méjèèjì sípò ara wọn, ìṣirò ò ní mọ̀ rárá. Bí nọ́ńbà yẹn bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, orúkọ onítọ̀hún ló máa jáde lójú ẹ̀rọ. Obìnrin kan wà ní Òkòkòmáíkò tí kì í fowó ránṣẹ́ láìka orúkọ yẹn sókè sétí oníbàárà, kódà bí èrò bá ń kùn lẹ́yìn. Òun ni mo máa ń lọ bá.