Kọ̀ǹpútà Kékeré Orí Tábìlì: Ríra Èyí Tí A Ti Tò Tán tàbí Títò Ó Fúnra Ẹni

Ọ̀nà méjì ni ẹni tí ó bá ń wá kọ̀ǹpútà kékeré tí yóò máa jókòó sórí tábìlì lè gbà rí i: ó lè ra èyí tí ilé-iṣẹ́ kan ti tò parí, tí kò ku ohun mìíràn ju kí a ki wáyà rẹ̀ bọ iná, tàbí kí ó ra àwọn ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì tò wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀ sínú àpótí tí ó bá wù ú. Owó àti agbára iṣẹ́ ni àwọn ènìyàn sábà máa ń fi wọn ọ̀nà méjèèjì wò, wọn kò sì ṣìṣe. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó ń gbé ní Èkó, ní Ìbàdàn tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìbéèrè méjì wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú ìwọ̀nyẹn. Èkíní ni iye iná tí ẹ̀rọ náà yóò máa jẹ. Èkejì ni pé lọ́jọ́ tí ẹ̀yà kan nínú rẹ̀ bá kú, ta ni yóò lè pààrọ̀ rẹ̀, níbo ni a ó sì ti rí òmíràn.

Títò ló ṣáájú ríra nínú ìtàn kọ̀ǹpútà àdáni. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ MITS ní ìlú Albuquerque ní Amẹ́ríkà gbé Altair 8800 jáde ní 1975, ẹ̀yà tí a kó sínú páálí ni ọ̀pọ̀ olùrà gbà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì jókòó tì í pẹ̀lú irin gbígbóná tí a fi ń yọ́ òjé títí ó fi di ẹ̀rọ. Apple I tí ó tẹ̀lé e ní 1976 kò ní àpótí, kò ní kíbọ́ọ̀dù, olùrà ni yóò lọ wá ìwọ̀nyẹn kiri. Ohun tí ó wá fi ẹsẹ̀ títò múlẹ̀ ni IBM PC ti oṣù Ògún 1981, nítorí pé IBM jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn mọ bí ẹ̀yà inú rẹ̀ ṣe ń so mọ́ ara wọn, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ẹ̀yà tí yóò bá a mu. Ní 1995, Intel gbé ìwọ̀n àjọlò kan kalẹ̀ tí a ń pè ní ATX, tí ó sọ bí motherboard, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń so mọ́, yóò ṣe fẹ̀ tó, ibi tí ihò sukúrù rẹ̀ yóò wà, àti bí iná yóò ṣe wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ VIA ní Taiwan sì gbé Mini-ITX jáde ní 2001, tí ìbú àti òró rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 17, ihò sukúrù rẹ̀ ṣì bá ti ATX mu, tó bẹ́ẹ̀ tí pátákó kékeré náà fi lè wọ inú àpótí ńlá àtijọ́. Àdéhùn lórí ihò sukúrù lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan lójú ẹni tí kò tíì tú kọ̀ǹpútà rí, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó jẹ́ kí motherboard tí a ṣe lónìí lè wọ àpótí tí a rà ní ogún ọdún sẹ́yìn.

Ọ̀nà tí àwọn kọ̀ǹpútà kékeré tí a ń rà tán gbà yàtọ̀ sí èyí. Apple gbé Mac mini jáde ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2005. Intel tẹ̀lé e lẹ́yìn ọdún díẹ̀ pẹ̀lú NUC, tí motherboard rẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 níbùú lóròó. Àwọn tí ń ta kọ̀ǹpútà fún ọ́fíìsì náà sì ṣe tiwọn, OptiPlex Micro ti Dell, EliteDesk Mini ti HP àti ThinkCentre Tiny ti Lenovo, tí ìtóbi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju nǹkan bí ìwọ̀n omi lítà kan. Ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ni wọ́n ti yá ọgbọ́n tí wọ́n fi kéré: nínú NUC àti àwọn ti ọ́fíìsì wọ̀nyí, power pack, ìyẹn ẹ̀yà tí ń yí iná ilé padà sí irú èyí tí kọ̀ǹpútà lè jẹ, ti kúrò nínú àpótí ó ti di ṣájà tí ń wà nílẹ̀, fáànù inú wọn sì fẹ́lẹ́. Ohun tí àwọn olùtajà kì í sọ tó ni pé motherboard wọn kò tẹ̀lé ìwọ̀n àjọlò kankan. Bí ti OptiPlex kan bá jóná, ti OptiPlex irú rẹ̀ gan-an nìkan ni ó lè rọ́pò rẹ̀, ìgbà tí ilé-iṣẹ́ kan yóò sì dẹ́kun ṣíṣe ohun kan kò sí lọ́wọ́ olùrà: Intel fúnra rẹ̀ jáwọ́ nínú NUC ní 2023, ó sì fi iṣẹ́ náà lé ASUS lọ́wọ́.

Síbẹ̀ kò yẹ kí a kó gbogbo àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Nínú Mac mini, láti 2020, RAM, ìyẹn àyè tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ti wà lórí ìpìlẹ̀ kan náà pẹ̀lú processor tí ń ṣe ìṣirò, kò sì sí bí a ti lè yọ ọ́ tàbí fi kún un. Ẹni tí ó bá ra ti 2024 pẹ̀lú gígábáìtì 16 ni yóò lò ó bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀rọ náà yóò fi dákẹ́. Ẹ̀rọ tí ó dára púpọ̀ ni, tí kì í pariwo, tí kì í jẹ iná púpọ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ bù ú kù. Ṣùgbọ́n ìpinnu tí olùrà ṣe ní ọjọ́ tí ó sanwó ni ìpinnu ìkẹyìn. Àwọn ti ọ́fíìsì kò rí bẹ́ẹ̀. Sukúrù kan tàbí méjì ni ó di ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí a bá sì ṣí wọn, a ó bá àyè méjì fún RAM irú ti kọ̀ǹpútà alágbèéká, àyè fún SSD tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn ibi ìpamọ́ tí fáìlì ń gbé, tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 22 tí ó sì gùn ní 80, àti lọ́pọ̀ ìgbà àyè kan sí i fún ibi ìpamọ́ mìíràn. Ẹ̀yà mẹ́ta tí ó máa ń bàjẹ́ tàbí tí ó máa ń kéré jù, ìyẹn RAM, ibi ìpamọ́ àti ṣájà, ni ẹni tí ó ni ẹ̀rọ náà lè pààrọ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ni ó yẹ kí a dúró lé lórí, nítorí pé ìlú tí iná kì í lọ ni ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí àwọn olùrà ń gbọ́ ti wá. Wáàtì ni a fi ń wọn iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ. Processor Intel tí ó bá ní lẹ́tà T lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà kékeré ọ́fíìsì, ni a ṣe fún ìwọ̀n wáàtì 35, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ní T sábà máa ń jẹ́ 65. Bí ó bá sì jẹ́ iṣẹ́ ìwé kíkọ àti íntánẹ́ẹ̀tì lásán ni, gbogbo ẹ̀rọ náà lápapọ̀ lè máa lo nǹkan bí wáàtì 20. Bí a bá fi 20 mìíràn kún un fún mọ́nítọ̀, ó di 40. Bátìrì inverter kan tí ó jẹ́ fóòtì 12, tí a kọ 200 Ah sí lára, ń gba wáàtì-wákàtí 2,400, ṣùgbọ́n bátìrì olójé kì í pẹ́ láyé bí a bá ń fà á kọjá ìdajì, nítorí náà 1,200 ni a lè ná. Nínú ìṣirò, bátìrì kan ṣoṣo yóò gbé kọ̀ǹpútà kékeré náà fún wákàtí 30. Bí inverter fúnra rẹ̀ bá sì jẹ nínú rẹ̀, tí fáànù àti gílóòbù náà bá a pín in, ọjọ́ iṣẹ́ kan yóò ṣì pé. Kọ̀ǹpútà tí a tò pẹ̀lú káàdì àwòrán ńlá, tí òun àti mọ́nítọ̀ rẹ̀ ń jẹ wáàtì 370 nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, yóò jẹ ìwọ̀n kan náà tán ní wákàtí mẹ́ta ó lé díẹ̀.

Bí iná bá tilẹ̀ wà, owó rẹ̀ wà níbẹ̀. Ní oṣù Igbe 2024, àjọ NERC tí ń mójútó iná mànàmáná ní Nàìjíríà gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tí a ṣèlérí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, dé náírà 225 fún kílówáàtì-wákàtí kan. Ní iye yẹn, wáàtì 40 fún wákàtí mẹ́jọ jẹ́ náírà 72, wáàtì 370 fún wákàtí mẹ́jọ kan náà sì jẹ́ náírà 666. Ohun mìíràn tún wà tí kì í hàn nínú ìṣirò: bí iná bá dé pẹ̀lú agbára àìtọ́, tí ó sì ba nǹkan jẹ́, ṣájà ni ó kọ́kọ́ dojú kọ ọ́ lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà kékeré ọ́fíìsì, ṣájà sì jẹ́ ohun tí a lè rí rà ní ọjà èyíkéyìí tí a ti ń tún kọ̀ǹpútà alágbèéká ṣe.

Ọjà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá ni Computer Village ní Ìkẹjà, ní òpópónà Ọ̀tígbà àti àwọn tí ó yí i ká. Títò kọ̀ǹpútà kì í ṣe àjèjì níbẹ̀, nítorí pé kí kọ̀ǹpútà alágbèéká tó gba ìgboro, “clone”, ìyẹn èyí tí oníṣòwò fi ẹ̀yà ọlọ́kan-ò-jọ̀kan tò, ni ọ̀pọ̀ iléèwé àti ọ́fíìsì ń lò. Orí títò ni Omatek, tí Florence Seriki dá sílẹ̀ ní 1988, àti Zinox ti Leo Stan Ekeh, tí ó jáde ní 2001, náà gbé iṣẹ́ wọn kà. Lónìí, tòkunbọ̀ ni ó pọ̀ jù: kọ̀ǹpútà tí àwọn ọ́fíìsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ti lò fún ọdún mélòó kan, tí wọ́n sì ti fi òmíràn rọ́pò. Ìtóbi rẹ̀ ni ó máa ń mú kí àwọn olùrà fojú kéré àpótí kékeré ọ́fíìsì, wọn a sì kọjá rẹ̀ lọ sídìí ọ̀kan gàgàrà tí kò sàn jù ú lọ. Àwọn àgbà sì ti sọ pé bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó. Fún akọ̀wé, olùkọ́, oníṣirò owó, ẹni tí ń tẹ̀wé fún ará àdúgbò, tàbí ọmọ iléèwé tí ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, irú tòkunbọ̀ yìí tí a fi SSD tuntun àti RAM tí ó tó sí nínú ni ó yẹ kí ó ṣáájú nínú ohun tí wọn yóò yẹ̀ wò.

Ẹni tí ń ṣe fídíò, tí ń ya àwòrán ilé tàbí tí ń kọ́ ẹ̀rọ ní ọgbọ́n àtọwọ́dá kò lè fi èyí tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn, nítorí pé káàdì àwòrán tí iṣẹ́ rẹ̀ ń béèrè kò lè wọ inú àpótí lítà kan. Títò ni ọ̀nà tirẹ̀. Motherboard Mini-ITX ní àyè kan fún káàdì àwòrán àti àyè méjì fún RAM, bí ó bá sì kú lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, èyí tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe yóò wọ ojú ihò rẹ̀. Iṣẹ́ ìwọ̀n ló wà nídìí rẹ̀: kí a tó san kọ́bọ̀, a ní láti mọ bí àpótí ṣe ga tó sí ohun tí ń tu processor lára, bí káàdì àwòrán ṣe gùn tó, àti irú power pack tí àyè inú rẹ̀ gbà, nítorí pé mìlímítà méjì péré lè sọ ẹ̀yà olówó ńlá di ohun tí a ń wá oníbàárà fún. Ooru náà ń bẹ, pàápàá nínú yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, eruku ọyẹ́ sì máa ń dí ojú fáànù kékeré kíákíá ju ti ńlá lọ. Owó ẹ̀yà kì í sì í dúró lójú kan. Dọ́là kan, tí a fi ń rà wọ́n wá láti òkè òkun, kúrò ní nǹkan bí náírà 460 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Okúdù 2023, ó sì kọjá 1,500 ní oṣù Èrèlé 2024. Ní ìparí 2025, owó RAM tún fò sókè káàkiri àgbáyé, nítorí pé àwọn ilé ńláńlá tí a kọ́ fún ọgbọ́n àtọwọ́dá ń ra púpọ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn kan a máa sọ pé kọ̀ǹpútà tí ènìyàn tò fúnra rẹ̀ ni yóò pẹ́ jù, pé ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Ìyà kọ́ ni ó ń mú ẹ̀rọ pẹ́. Bí ẹ̀yà rẹ̀ bá wà lọ́jà ni yóò pẹ́. Ṣùgbọ́n èrè kan wà nínú títò tí kò sí nínú ríra, ó sì ga ju bí àwọn òbí ti ń rò lọ. Ọ̀dọ́ tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé processor sí àyè rẹ̀, tí ó fi ìpara tí ń gbé ooru kọjá sí i lórí, tí ó tan ẹ̀rọ náà tí kò tàn, tí ó sì yọ RAM kan lẹ́yìn òmíràn títí ó fi mọ èyí tí ó kú, ti kọ́ bí a ṣe ń wá ìdí ohun. Bí owó títò tuntun kò bá sí, kí a fún un ní tòkunbọ̀ àtijọ́ kan kí ó tú u palẹ̀ kí ó sì tún un tò. Ìmọ̀ tí yóò rí níbẹ̀ kò kéré sí ti ẹ̀yà olówó ńlá.

Fún ẹni tí ó bá yan tòkunbọ̀, nọ́ńbà processor ni kí ó kọ́kọ́ wò. Ìtìlẹ́yìn Microsoft fún Windows 10 parí ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà 2025, àwọn processor Intel tí Windows 11 sì gbà bẹ̀rẹ̀, yàtọ̀ sí díẹ̀, láti ìran kẹjọ, nítorí náà i5-8500T wọlé, i5-6500T kò wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àpótí méjèèjì lè jọra bí ìbejì lórí àtẹ. Èyí tí kò wọlé yóò máa pọ̀ sí i lọ́jà ní owó pọ́ọ́kú, ó sì dára fún ẹni tí ó bá ṣe tán láti lo Linux, ètò ọ̀fẹ́ tí ó lè rọ́pò Windows. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ so mọ́ Windows kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí owó yẹn fà á. Kí ó tan ẹ̀rọ náà lójú ẹni tí ń tà á, kí ó sì wọ inú BIOS, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ tí ń jí ẹ̀rọ sílẹ̀, láti mọ̀ bóyá ọ́fíìsì tí ó kọ́kọ́ ni ín ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà dè é, nítorí pé èyí tí a bá dè bẹ́ẹ̀ ṣòro láti tú lẹ́yìn tí a bá ti sanwó.