Nídìí Àpótí Fáíbà

Bí wọ́n bá bó fáíbà tán, gíláàsì tó ṣẹ́ kù kò nípọn ju mìlímítà 0.125 lọ: ẹ to mẹ́jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mìlímítà 1 péré ni. Èérún rẹ̀ bọ́ sórí tábìlì funfun, ó di àwátì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń tẹ́ nǹkan dúdú sílẹ̀, tí wọ́n ń fi téèpù kó èérún sínú ike onídèérí. Awò ààbò kì í kúrò lójú wọn. Píọ́ wọ́tà àti ẹ̀pà kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Èérún tó wọ àtẹ́lẹwọ́ ṣì ṣe é yọ. Ta ni yóò yọ ti inú ọ̀fun?

*

Ìmọ́lẹ̀ inú fáíbà, ti nánómítà 1310 àti 1550, ojú ènìyàn kì í rí i, ó sì lè ba ojú jẹ́. Mítà là ń bi bóyá iná wà níbẹ̀, a kì í bi ojú.

*

Ètò àwọ̀ ti Amẹ́ríkà, TIA-598: búlùú, ọsàn, ewé, bíráùn, eérú, funfun, pupa, dúdú, yẹ́lò, pọ́pù, píǹkì, ákúà. Túùbù ń tẹ̀lé e, fáíbà 12 inú túùbù ń tẹ̀lé e. Ẹni tó ń wá fáíbà 29 kò ní í ka nǹkan kan: túùbù aláwọ̀ ewé, fáíbà aláwọ̀ eérú.

*

Ọ̀pá líle àárín kébù ni kí bóòtù dì mú mọ́ ara àpótí. Oòrùn ọ̀sán ń na kébù, òtútù òru ń sún un kì. Ọ̀pá tí wọn ò bá dè yóò máa yọ wọlé díẹ̀díẹ̀, yóò sì máa ti gíláàsì títí yóò fi ká kò. Kébù tó bá wọ ìhámọ́ra irin, ẹ so irin náà mọ́ wáyà tó wọnú ilẹ̀, nítorí mànàmáná.

*

Níbi tí fáíbà bá ti tẹ̀ jù, ìmọ́lẹ̀ 1550 ló kọ́kọ́ ń jò. Nínú àyẹ̀wò, bí ìpàdánù 1550 bá ju ti 1310 lọ fíìfíì lójú kan, ẹ lọ tú ìká fáíbà inú àwo àpótí wò. Bí méjèèjì bá jọra, ojú ìlẹ̀pọ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò.

*

Slíìfù tó ń bo ojú ìlẹ̀pọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ wọ̀ fún fáíbà kí wọ́n tó fi iná lẹ̀ ẹ́. Bí méjèèjì bá ti di ọ̀kan, kò sí ibi tí slíìfù yóò gbà wọlé mọ́, àfi kí wọ́n tún gé e.

*

Sípáàkì ni ẹ̀rọ ìlẹ̀pọ̀ fi ń ṣiṣẹ́, gáàsì sì lè kóra jọ sínú kòtò ẹ̀bá títì. Kébù ló yẹ kó gòkè wá bá ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kò lè gòkè bí ẹni tó kọ́kọ́ tẹ́ ẹ kò bá ká mítà mélòó kan sílẹ̀. Ọ̀gá tó ń pe kébù tí wọ́n ká sílẹ̀ yẹn ní ìnákúnàá, kí ó rántí ẹni tí yóò sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò lọ́jọ́ tó bá já.